Ìyá Ọlọ́ṣẹ Tó Jí Ìyàwó Mi Gbé ní Abíjàn

Ìyá tó bí ìyá mi fi ẹsẹ̀ rìn láti Ẹdẹ dé Abíjàn lọ́jọ́ mẹ́ta péré, wọ́n ru ìkòkò ọṣẹ sórí, ọṣẹ náà ń hó, ẹ̀kán kan ò sì dà sílẹ̀. Ibodè mẹ́rin ni wọ́n kọjá. Ní ti àkọ́kọ́, gbogbo kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀ ló ṣí fìlà fún wọn. Ní ìkejì, àwọn ọlọ́pàá tò bí ìgbà tí gómìnà bá ń bọ̀. Ní ìkẹta, ọ̀gá wọn dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ti ìkẹrin, mi ò ní sọ ọ́, nítorí ẹ ó ní mò ń parọ́.

Èmi Ràṣídì, ọmọ Ẹdẹ, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, ni mò ń kọ èyí. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì wọ kíláàsì keje fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí i pé ohun tí èmi ò mọ̀, tíṣà náà ò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ bá mi fojú fò ó. Ọdún mi ti ń sún mọ́ àádọ́rin, eyín mẹ́ta ti dágbére fún mi, síbẹ̀ títí di àsìkò òjò tó kọjá yìí, mo ṣì ní ìyá àgbà. Ta ló tún ní irú ẹ̀ ládùúgbò wa? Inú òjò yẹn ni wọ́n papò dà. Àwọn kan ní wọ́n tó ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn kan ní wọ́n lé díẹ̀. Èmi sọ fún àwọn tó wá kí wa pé ọgọ́jọ ọdún ni. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn níwájú òkú.

Múlíkà, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló ní kí n kọ ọ́, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ tí a ó pín níbi àdúà ogójì ọjọ́.

"Bàbá, ẹ kàn kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín irọ́ kù."

Mo ní mo gbọ́. Lẹ́yìn àdúà yẹn, òun náà ń bá ọkọ rẹ̀ lọ máa gbé ní Jámánì. N ó dé orí ìyẹn.

Ọṣẹ dúdú ni iṣẹ́ ìyá mi àgbà, òun ni gbogbo ìlú ṣe ń pè wọ́n ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Abúlé Alájùẹ ni wọ́n ti ń kó èèpo kòkó gbígbẹ, wọn á jó o di eérú, wọn á da eérú náà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọn á wá máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ kó lè máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi yẹn pẹ̀lú àdín ni wọ́n ń gbé kaná, tí wọn á sì máa rò. Ríro yẹn gan-an niṣẹ́. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki, ẹni tó ń rò ó kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo làálàá ọ̀sẹ̀ kan á bàjẹ́. Ọwọ́ wọn dúdú, ó le bí èèpo igi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀, tí wọ́n bá fi ọwọ́ náà kàn mí níwájú orí, àfi bí òwú.

Iná ràn mọ́ òrùlé ilé tó kángun sí tiwa lọ́jọ́ kan. Gbogbo àdúgbò tú jáde, ẹlẹ́rù ń gbé ẹrù, ọlọ́mọ ń wá ọmọ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ wo òrùlé, wọ́n wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n sì ń ro tiwọn lọ. Ẹnì kan pariwo pé, "Ìyá, ẹ sá o! Iná ń bọ̀!" Wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní: "Ẹ ní kó ní sùúrù, ó ku díẹ̀ kí tèmi jinná."

Ìjà wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkíni. Ẹ jí adìyẹ wọn gbé, wọ́n lè bínú dọ̀la. Ẹ kọjá níwájú wọn láì kí wọn, wọ́n á ka gbogbo ìran yín fún yín láti orí bàbá ńlá yín bọ̀. Ọlọ́kadà kan wà, àlejò ni ládùúgbò, tó máa ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí pólì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ré kọjá fìrì níwájú ilé.

"Ọmọ yìí," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ pè é, "dákun padà wá. O gbàgbé nǹkan."

Ó yí ọ̀kadà padà, ó ń wo ilẹ̀ kiri. "Kí ni mo gbàgbé, Ìyá?"

"O gbàgbé láti kí mi."

Ọmọbìnrin tó gbé sẹ́yìn fi ìwé bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á. Ọlọ́kadà ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ìdánwò ni wọ́n fẹ́ ṣe, a ti pẹ́."

"Ṣé ìdánwò náà ní ẹsẹ̀ ni? Kí mi, kí n kí ọ, kí o máa lọ."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kí i, wọ́n kí ìyá rẹ̀ tí wọn ò rí rí, wọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ náà kú iṣẹ́ orí, wọ́n kí ọ̀kadà pàápàá kú ẹrù rírù. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kì í kọjá kó má fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń fi ìkíni yọ ayé lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní: "Ẹni tí kò bá tíì sẹ́ni tó kí i láàárọ̀, ó ṣì ń sùn ni."

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá mi kú, ìdí ìkòkò ọṣẹ ni mo sì gbé dàgbà. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ irọ́ pípa, nítorí ẹni tó ń ro ọṣẹ látàárọ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a tàkúrọ̀sọ. Mo sọ fún wọn nípa ọ̀yà kan tí mo rí lọ́nà Alájùẹ. Lọ́jọ́ kìíní, ó tó ajá. Lọ́jọ́ kejì, ó ti tó ewúrẹ́ tó lóyún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọ̀yà náà ti ga jù mí lọ, ó sì ti dá mi dúró bi mí léèrè ọ̀nà ìlú Awo. Èjìká wọn ń mì, ọmọrogùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní: "Àjàní, jọ̀wọ́ má sọ ọ́ lọ́la mọ́, ọ̀yà yẹn á jẹ wá."

Àjàní ni oríkì mi. Àwọn nìkan ló ń fi pè mí. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo pe ara mi bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò dùn létí. Mi ò tún dán an wò mọ́.

Nígbà tí mo yan iṣẹ́ ọkọ̀, wọn ò bá mi jà. Àwọn ìyá tó kù, bí awakọ̀ bá ń lọ, wọ́n máa ń bi í pé níbo ló forí lé, ìgbà wo ló ń bọ̀, kí ló máa rà bọ̀. Tiwọn yàtọ̀. Wọ́n á bá mi di okùn àpò mi, wọ́n á ṣe àdúà sí mi lórí, wọ́n á wá bi mí pé: "Ta lo fi sílẹ̀?" Nígbà tí mo ṣì jẹ́ àpọ́n, mo máa ń dáhùn pé ewúrẹ́ mi. A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà tán lọ́dún tí mo mú Sìkírá, ìyàwó mi, lọ sí Abíjàn. Ìgbéyàwó wa ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́. Mo máa ń kó ẹrù láti Abíjàn lọ sí Bámákò, mo lè ti ibẹ̀ yà sí ìlú Bóbò kí n tó padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà, ọjọ́ mẹ́rin nílé. Mo rò pé ọkọ gidi ni mí, torí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi ìyàwó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wọn, èmi mú tèmi dání. Mo mú un kọjá ibodè mẹ́rin, mo gbé e sínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù sí, mo ṣí fèrèsé fún un, mo sì wakọ̀ lọ. Yorùbá pọ̀ ní Abíjàn nígbà náà, wọ́n tilẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí tiwọn, ṣùgbọ́n òdìkejì ìlú ni wọ́n wà. Ọ̀gá mi ń fẹ́ kí awakọ̀ sún mọ́ ọkọ̀. Mi ò ronú nípa ẹni tí ìyàwó awakọ̀ yóò sún mọ́.

Sìkírá ló ní kí n kọ èyí tó kàn, ó ní ojú kì í ti òun mọ́. Ìyá arúgbó kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé èyí tí mo lọ, Sìkírá jáde, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú ìyá náà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ìyá náà wò ó títí. Ó wọlé, ó gbé ààbọ̀ búrẹ́dì jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó rò pé alágbe ni.

Sìkírá ò gbọ́ èdè tí yóò fi ṣàlàyé. Kò sì lè jí kó má kí àgbàlagbà, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ kọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kúnlẹ̀, búrẹ́dì tún dé. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá náà ti gbé e síta dè é, ó ń na búrẹ́dì sí i láti òkèèrè, kó má baà dé ibi tí yóò ti kúnlẹ̀. Ọjọ́ náà ni Sìkírá wọlé, tó pa ilẹ̀kùn dé. Kò kí ẹnikẹ́ni mọ́ títí mo fi dé. Mo rí búrẹ́dì gbígbẹ nínú agbọ̀n, mo bi í pé ṣé ó ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ni. Ó ròyìn fún mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀, mo lọ.

Kò tíì sí fóònù alápò. Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń ránṣẹ́. Ẹ ó sọ̀rọ̀ sínú rédíò, ó máa gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ ó kó kásẹ́ẹ̀tì náà fún awakọ̀ tó ń lọ sílé. Sìkírá ṣe ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó kí wọn, ó kí ará ilé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ní ara òun le, ó ní oúnjẹ wà, ó ní èmi ń tọ́jú òun. Ẹkún kankan ò sí níbẹ̀.

Ìdí ọṣẹ ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sún etí mọ́ rédíò. Ẹnì kan ní, "Ìyá, ṣebí ó ní ara òun le."

"Mo gbọ́ ohun tó sọ," ni wọ́n dáhùn. "Ohun tó wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ọmọdé kan ò sunkún. Kò sẹ́ni tó gún nǹkan, kò sẹ́ni tó pè é. Ó sọ̀rọ̀ títí kásẹ́ẹ̀tì fi tán, kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀." Wọ́n gbé ọmọrogùn sílẹ̀. "Ta ló ń kí ọmọ yìí káàárọ̀?"

Ọṣẹ wà lórí iná, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Obìnrin tí iná òrùlé ò lé dìde kúrò níbẹ̀, wọ́n wọlé lọ di ẹrù. Ọṣẹ náà jóná. Àwọn aládùúgbò ló dà á nù.

Ọkọ̀ ni wọ́n wọ̀ o, ẹ má dá mi lóhùn. Bọ́ọ̀sì ni, ọjọ́ márùn-ún, ẹsẹ̀ wọn wú bí iṣu. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọn ò gbọ́ èdè kankan ju Yorùbá lọ, gbogbo àdírẹ́sì tí wọ́n sì mú dání ni orúkọ mi. Ní ibodè kọ̀ọ̀kan, wọ́n kí ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan kú iṣẹ́, kú oòrùn, kú ìdúró. Àwọn yẹn ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, ó sú wọn, wọ́n ní kí màmá máa kọjá lọ. Ní Abíjàn, wọ́n ń pe orúkọ mi láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀ títí wọ́n fi rí awakọ̀ kan tó mọ̀ mí.

Èmi wà ní Bámákò. Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́, mò ń dúró de ohun tí wọn yóò fi tún un ṣe. Oyún oṣù mẹ́rin tó wà nínú Sìkírá ti wálẹ̀ ní ìjẹta ọjọ́ tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ dé. Ẹ má bi mí bóyá mo mọ̀ pé ó lóyún. Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì lọ.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ bá a lórí ẹní. Ìyá oníbúrẹ́dì yẹn ló jókòó tì í, ó ń fi aṣọ tútù nù ún lójú, ó ń sọ èdè tí Sìkírá ò gbọ́. Kò sí ẹlòmíràn. Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé ẹrù wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kúnlẹ̀ fún obìnrin náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dìde lọ gbé búrẹ́dì. Òun náà kúnlẹ̀. Sìkírá ní àwọn arúgbó méjèèjì wà lórí eékún báyìí, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ara wọn.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi dúró dè mí. Ní ọjọ́ keje, wọ́n mú Sìkírá, ó di Ẹdẹ.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gbá yàrá náà mọ́ tónítóní. Ẹní wà ní kíká. Ọṣẹ dúdú kan wà lójú fèrèsé, ìyẹn ni mo fi mọ ẹni tó wá. Mo lọ sílé bá wọn pẹ̀lú ìbínú tó lè wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

"Ìyá, ìyàwó mi dà?"

"Ẹ káàárọ̀ lèèyàn kọ́kọ́ máa ń wí."

"Ẹ jí ìyàwó mi gbé!"

"Mo mú un. Mi ò jí i. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo ibùdókọ̀ ló rí wa."

"Èmi ni ọkọ rẹ̀. Ibi tí mo bá wà ló yẹ kó wà."

"Mo fara mọ́ ọn. Níbo lo wà?"

Mo na ọwọ́ sí títì. Mo ní, "Ọ̀nà ni iṣẹ́ mi, Ìyá."

"Kò sẹ́ni tó ní kí o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Mo ní níbo lo wà."

Sìkírá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù, ẹ̀wù rẹ̀ fẹ́ bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mi ò dá a lóhùn, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní: "Ìyàwó kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń já sí gáréèjì, Àjàní."

Èmi nìkan ni mo padà sí Abíjàn. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ọdún méje ló máa ń ṣe irú ẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń wálé. Bí mo bá dé, mo ń kí gbogbo ará ilé, mo ń kí ewúrẹ́, mo ń kí ògiri, mi ò ní kí Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Mo mọ̀ pé ohun tó lè dùn wọ́n jù láyé nìyẹn. Nígbà tí ọdún gorí ọdún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lóòró, láì tẹ̀ba, bí ẹni ń kí agbowó-orí ní ọ̀fíìsì. Ẹ sì gbọ́ o, wọ́n ń dá mi lóhùn bí ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún. "Àjàní, o káre. Ọ̀nà jìn. Ṣé dáadáa lo dé?" Gbogbo ìgbà.

Sìkírá dárí jì mí kíákíá, mi ò mọ ìdí. A bí Múlíkà, ọwọ́ Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló gbà á, ọṣẹ wọn ló kọ́kọ́ kàn án lára. Sìkírá kọ́ iṣẹ́ ọṣẹ, ó gba ọmọrogùn lọ́wọ́ wọn nígbà tí apá wọn ò gbé e mọ́. Ojú mi ò ríran dáadáa lójú ọ̀nà mọ́, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo wálé pátápátá. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Inú ilé kan náà là ń gbé. Mo ṣì ń kí wọn lóòró.

"Bàbá Múlíkà," ni Sìkírá máa ń wí, "ẹ lọ bá Ìyá sọ̀rọ̀. Wọn ò ní pẹ́ mọ́."

"N ó lọ."

"Ọjọ́ wo?"

"Mo ní n ó lọ."

Ọ̀rọ̀ Jámánì dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Tàófíìkì, ọkọ Múlíkà, ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ gbà á, wọ́n á sì máa rán an kiri orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níta nínú oṣù kan. Tíṣà ni Múlíkà nílé ìwé kan níbí, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ó lọ jókòó ti Ìyá Ọlọ́ṣẹ, tí ojú wọn ti fọ́, tí etí wọn ṣì mú bí abẹ. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé.

"Ṣé o gbọ́ èdè wọn?"

"Mò ń kọ́ ọ lórí fóònù, Ìyá Àgbà."

"Fóònù yẹn, bí ara rẹ ò bá yá, ṣé á mọ̀?"

"Ìyá Àgbà, fídíò wà báyìí. Ojoojúmọ́ lẹ ó máa rí mi."

"Èmi afọ́jú?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, wọ́n dì í mú. Wọ́n ní: "Mi ò ní kí o má lọ. Kí o tó lọ, kọ́kọ́ wá ẹnì kan níbẹ̀ tí yóò mọ̀ bí o kò bá tíì ṣílẹ̀kùn." Múlíkà sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó ṣáájú, òun ń ronú.

Òjò dé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní kí àkọ́bí ọmọọmọ sọ̀rọ̀. Mo dìde. Mo sọ pé ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú ikú wọn, Ìyá Ọlọ́ṣẹ di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní: "Àjàní, mo ṣẹ̀ ọ́. Ibi tí ọkọ bá wà ni ìyàwó ń gbé. Dárí jì mí." Ẹ wo ẹkún! Ààfáà bú sẹ́kún. Àwọn tí wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún yìí wá, pé ìyá mi àgbà gba ìyàwó lọ́wọ́ mi, wá ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo gbádùn rẹ̀. Mo tún un sọ fún àwọn tó pẹ́ dé.

Múlíkà bá mi lẹ́yìn ilé. "Bàbá, ṣé bí Ìyá Àgbà ṣe wí gan-an nìyẹn? Pé àwọn ni wọ́n jẹ̀bi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kó àga ilé rẹ̀ fún èèyàn. Físà ti jáde, ọjọ́ kejì àdúà ogójì ọjọ́ ni ó ń lọ. Tàófíìkì ti sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ kejì tó bá dé ni wọ́n ń rán òun níṣẹ́ jáde. Múlíkà ò sì tíì rí ẹnì kan níbẹ̀ tí yóò mọ̀ bí kò bá ṣílẹ̀kùn. Mo bi í. Ó ní, "Bàbá, Ìyá Àgbà ti yanjú ẹ̀ kí wọ́n tó lọ."

Ìdí ọṣẹ ni ìyá rẹ̀ wà tó fi bi mí pé, "Jímọ́ọ̀ wo ni Ìyá sọ ọ́? Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn látàárọ̀."

"O jáde lọ pọn omi."

Ó wò mí. Ó ń ro ọṣẹ rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ yìí, Múlíkà tún wá wo ibi tí mo kọ̀wé dé. "Bàbá, àwọn atẹ̀wé ń dúró o. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Ìyá Àgbà yẹn ni kí ẹ fi parí ẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà." Mo ní kò burú. Mo ti gbé bírò sórí ìwé láti ìgbà náà, oúnjẹ mi ti tutù.

Múlíkà, ìyá rẹ lọ pọn omi lóòótọ́ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn. Mo wọlé, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn. Mo ti pinnu pé lọ́jọ́ náà, n ó dọ̀bálẹ̀, n ó kí wọn dáadáa, n ó sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀, wọ́n rò pé ìyá rẹ ló dé. Wọ́n ní, "Sìkírá, ṣé Àjàní ti dé?"

Mo ti wà nílé láti ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ṣì ń béèrè bóyá mo ti dé. Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ wọn ò jìnnà sí mi ju ìbú ẹní lọ. Mi ò dáhùn. Mo dìde, mo yọ́ ẹsẹ̀ jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti kú.

Bí o bá fẹ́ lọ, lọ, ọmọ mi. Bí o bá fẹ́ dúró kọ́kọ́ wá èèyàn kan tí yóò máa kí ọ níbẹ̀, dúró. Ìwọ lo ni ìyẹn, ṣùgbọ́n má ṣe gbé e ka orí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Kí wọ́n tẹ èyí gàdàgbà: Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò sọ pé àwọn ṣẹ̀ mí, wọn ò sọ pé ibi tí ọkọ bá wà ni ìyàwó ń gbé, wọn ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Apá ibẹ̀ yẹn, èmi ni mo hùmọ̀ ọ́. Èmi ló yẹ kí n tọrọ àforíjì, mi ò sì tọrọ rẹ̀.